Ààwẹ̀ Tí Ìyá Ọkọ Mi Gbà Nítorí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́

Òórùn irun ọ̀yà tó ń jó lórí iná ni mo fi ń rántí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ní ilé wa ní Òrè, ẹ̀yìnkùlé ni ààrò tí a fi ń yan ẹran ìgbẹ́ wà, fèrèsé pálọ̀ sì kọjú sí ààrò náà gan-an, tó fi jẹ́ pé bí àwọn òyìnbó bá ń yìnbọn nínú tẹlifíṣọ̀n, èéfín tiwa ló máa ń bo ojú ogun wọn mọ́lẹ̀. Bí ọkùnrin bá fẹ́ fẹnu ko obìnrin lẹ́nu nínú eré, inú òórùn òkété ni wọ́n ti ń ṣe é. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ ìró ìbọn níbi tí wọ́n ti ń ṣeré, ebi ló máa ń kọ́kọ́ pa mí kí ẹ̀rù tó bà mí.

Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà, kò tíì pẹ́ tí wọ́n gbé mi dé láti Ìkirè. Iṣẹ́ tí mo bá nílé ọkọ ni títa ẹran ìgbẹ́ fún àwọn èrò tó ń lọ tó ń bọ̀ lójú títì márosẹ̀ Èkó sí Bìní. Bí bọ́ọ̀sì bá ti rọra báyìí, a ó gbé ọ̀yà yíyan sókè lórí igi, a ó máa sáré tẹ̀ lé fèrèsé ọkọ̀ bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ rẹ̀ sá lọ. Ìwé kẹta ni mo wà tí mo ti sá kúrò nílé ìwé. Ọwọ́ mi kò mọ bírò, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ṣe ẹnu mi. Bí oníbàárà bá ní ẹran mi gbẹ jù, màá bi í pé ṣé ó fẹ́ kí n tún rẹ ọ̀yà náà sómi kó lè máa wẹ̀ ni. Ìgbà Sáàpù ni, ìgbà ọ̀wọ́ngógó tí ṣọ́jà ń ṣèjọba, tí ẹni tó ń ra odidi itan tẹ́lẹ̀ wá ń ná ìrù. Ọ̀gá kan sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ kan, kóòtù lọ́rùn, táì lọ́rùn, ó ní kí n gé orí ọ̀yà nìkan fún òun. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ kú àtètè mọ̀. Ẹ̀yin àti òun á jọ máa wo ara yín lójú títí dé Bìní." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ra orí náà.

Ọkọ mi, tó ń wa ọkọ̀ gẹdú, ló ra tẹlifíṣọ̀n náà ní Èkó kí nǹkan tó le. Kò ní àwọ̀ kankan ju dúdú àti funfun lọ, ṣùgbọ́n wọ́n fi gíláàsì búlúù bo ojú rẹ̀, àwa sì gbà pé búlúù yẹn ni ìlú òyìnbó. Nígbà tí kò bá sí iná, èyí tó túmọ̀ sí ìgbà gbogbo, ọkọ mi á tú bátìrì ọkọ̀ gẹdú wá, á so ó mọ́ ọn. Eríàlì wà lórí ọparun gígùn lóde. Òfin ilé wa ni pé ẹni tó bá pẹ́ dé ni yóò dúró ti ọparun náà. Àwa tí a ti jókòó á máa kígbe sí i láti inú ilé pé, "Yí i sí Àkúrẹ́! Ó ti pọ̀ jù, o ti kọjá sí Bìní! Dá a padà!" Ẹni tó bá ti dúró ti ọparun lẹ́ẹ̀kan kò ní pẹ́ dé mọ́ láé.

Ẹ mọ̀ pé ní ilẹ̀ wa, ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́ tó ń rákòrò. Yóò fún un lórúkọ tirẹ̀: Eyínfúnjowó, Ìbàdíàrán, Ajíṣefínní. Nígbà tí ahọ́n wa kò ká orúkọ àwọn òyìnbó inú tẹlifíṣọ̀n, ohun tí àwa ìyàwó ilé ṣe fún wọn náà nìyẹn. Ó ṣe tán, wọ́n ti wà nínú pálọ̀ kí wọ́n tó gbé wa dé. Obìnrin méjì ni a fẹ́ràn jù. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni ti àkọ́kọ́, ọlọ́pàá obìnrin kan tó máa ń gun alùpùpù, tó ń lé olè láti orí òrùlé dé orí òrùlé pẹ̀lú bàtà gogoro lẹ́sẹ̀, tí irun orí rẹ̀ kì í sì í yẹ̀. Arẹwà-tí-ń-tàpá ni a pè é. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé mo dán ìtàpá náà wò lọ́jọ́ kan sí ajá tó fẹ́ gbé ẹran mi lójú títì. Ìró mi tú, sílípáàsì mi fò lọ bá awakọ̀ kan létí, ajá sì gbé ẹran lọ ní ìrọ̀rùn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ẹnu ni Ọlọ́run fún èmi, kò fún mi lẹ́sẹ̀.

Ẹnì kejì ni ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú eré ogun ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Àwọn ọmọ ogun ti gba ìlú wọn, òun sì ń gun kẹ̀kẹ́ kiri pẹ̀lú búrẹ́dì nínú agbọ̀n, inú búrẹ́dì ló ń tọ́jú ìwé àṣírí tí àwọn ará ìlú rẹ̀ fi rán an sí. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni a sọ ọ́, nítorí àwọn àgbà ní ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ṣubú lu àwo, àwo kò fọ́. Òyìnbó tí wọ́n ń sọ kò yé ẹnikẹ́ni nínú wa. Bí ọkọ mi bá wà nílé, òun ló ń túmọ̀ ìwọ̀nba tó gbọ́ ní ibùdó gẹdú. Bí kò bá sí nílé, ojú wọn tó wa. Ẹkún kò lédè, ẹni tó bá sì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè níwájú ìbọn kò nílò ògbufọ̀.

Àga iwájú nínú pálọ̀ jẹ́ ti ìyá ọkọ mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Yèyé bí àwọn Ìkálẹ̀ ṣe ń pe ìyá. Àwọn ló ni òwò ẹran náà kí ẹsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Yèyé kò ka Arẹwà kún nǹkan kan. Wọ́n á ní, "Láti àárọ̀ ló ti ń fò kiri, ta ló ń bá a dáná?" Ṣùgbọ́n tó bá di ti eré ogun, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ húkọ́. Ogun abẹ́lé tí àwọn èèyàn fi ń pòwe títí dòní pé "Ó le kú, ìjà Òrè", ojú Yèyé ló ṣe. Nítorí náà wọ́n ń wo ogun òyìnbó bí olówò àtijọ́ ṣe ń wo àtẹ ẹlòmíràn. "Ẹ wò wọ́n, wọ́n ń sá fógun, kò sí ẹni tó gbé ìkòkò. Ẹni tó sá fógun tí kò gbé ìkòkò, kí ni yóò fi sebẹ̀ níbi tó ń lọ?" Tàbí kí wọ́n ní, "Bàtà ṣọ́jà yẹn ti ń dán jù. Kò tíì jagun. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ ni."

Gbogbo wa la sì mọ ìtàn tiwọn, a ti gbọ́ ọ débi pé a lè máa bá wọn gbè é. Nígbà tí ogun dé Òrè, Yèyé kó ẹran tó wà lórí ààrò sínú apẹ̀rẹ̀ ńlá, wọ́n gbé e rù, wọ́n sì gba ọ̀nà igbó forí lé Ajue. Abẹ́ ẹran náà ni wọ́n tẹ́ ọmọ wọn sí, ọmọ kékeré tí ikọ́ ti ń dà láàmú láti ìjẹta. Ẹran náà kò jinná tán, oòrùn pa á, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Àwọn ṣọ́jà dá Yèyé dúró lójú ọ̀nà oko, wọ́n ní kí wọ́n sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀. Yèyé sọ̀ ọ́. Ṣọ́jà kan ṣí ewé ojú rẹ̀, òórùn gbá a nímú, ó fi ìbọn ṣe ọ̀pá, ó bì. "Gbé e lọ! Gbé e lọ!" ni wọ́n ń pariwo. Ọmọ tó ti ń wúkọ́ láti ìjẹta kò wú ẹyọ kan títí ìyá rẹ̀ fi wọgbó lọ. Ọmọ náà ni ọkọ mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún un pé ẹran ìgbẹ́ ni òun náà kó tó di awakọ̀, pé ọjà ló kù tí wọn kò rí tà.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nígbà náà. Nínú òwò ẹran ìgbẹ́, ọdẹ kì í ta ẹran fún ẹni tó bá rí. Ọdẹ kọ̀ọ̀kan ló ní obìnrin tirẹ̀ tó ń gbé ẹran fún, bí obìnrin náà bá sì dàgbà, yóò mú ẹni tó fẹ́ kó rọ́pò òun, yóò mú un lọ láti ilé ọdẹ kan sí èkejì pẹ̀lú obì, yóò sì fi ọ̀bẹ tó fi ń kun ẹran lé e lọ́wọ́ lójú wọn. Bí ó bá kú láìṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ọdẹ ti tú ká nìyẹn. Àwọn ọdẹ Ajue ni Yèyé ní, ọdẹ gidi, àwọn tí ẹtu bá rí, á bú sẹ́kún. Àwa méjì ni ìyàwó nílé náà: èmi àti ìyàwó àbúrò ọkọ mi. Ìyẹn kì í gbóhùn sókè, bó bá kúnlẹ̀ kí èèyàn ní àárọ̀, èèyàn á rò pé kò ní dìde mọ́ títí di ọ̀sán. Èmi, ọ̀rọ̀ kì í gbé sí mi lẹ́nu. Ìgbà gbogbo tí mo bá dá oníbàárà lóhùn, Yèyé á ní, "Ọmọ Ìkirè, ahọ́n rẹ yìí ni yóò lé gbogbo ọdẹ mi wọgbó." Mò ń sáré kiri ní títì, iná ààrò ń jó irun iwájú orí mi, mi ò sì mọ̀ bóyá ọ̀bẹ yẹn yóò jẹ́ tèmi.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn nígbà tí wọ́n mú Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ọjọ́rú kan ni wọ́n já búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ sí méjì, tí wọ́n rí ìwé nínú rẹ̀. Wọ́n wọ́ ọ jù sínú ọkọ̀, ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n dún gbà, eré sì parí fún ọ̀sẹ̀ yẹn. Yèyé dìde lórí àga. Wọ́n ní, "Láti òní lọ, oúnjẹ ojúmọmọ ti di èèwọ̀ fún mi. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú ni màá máa jẹ ẹ̀kọ tútù. Mo ti bá Ọlọ́run mi jẹ́jẹ̀ẹ́ títí ọmọ yẹn yóò fi jáde."

Ọkọ mi ní, "Yèyé, eré ni. Ó ti lọ sílé ọkọ rẹ̀ báyìí, ó ń jẹun."

Yèyé dá a lóhùn pé, "Nígbà tí mo gbé ọ rù nínú igbó, ṣé àwọn tó ń gbàdúrà fún àwọn tó wà lójú ogun mọ orúkọ mi? Bí kì í bá ṣe òun, ẹlòmíràn wà níbì kan tó wà bẹ́ẹ̀. Àdúrà á mọ ilé rẹ̀."

Aládùúrà ni Yèyé, aláṣọ funfun, ààwẹ̀ kì í ṣe àlejò wọn. Lọ́jọ́ Ìsinmi wọ́n gun ọ̀kadà lọ sí ilé àdúrà wọn ní Odígbó, èmi náà tẹ̀ lé wọn, wọ́n sì kéde pé ọmọbìnrin kan wà ní ìgbèkùn. Wọn kò sọ pé inú tẹlifíṣọ̀n ló wà, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n. Ìjọ gbàdúrà débi pé abẹ́là ń mì. Wòlíì pa ojú dé, wọ́n ní, "Mo rí i. Mo rí ọmọbìnrin náà. Ó ń bọ̀ o! Ṣùgbọ́n obìnrin pupa kan dúró sójú ọ̀nà." Gbogbo ìjọ yíjú. Èmi nìkan ni mo pupa níbẹ̀. Mo ní, "Wòlíì, òótọ́ ni, ojú ọ̀nà ni mo máa ń dúró sí láti àárọ̀ dalẹ́, ẹran ni mò ń tà níbẹ̀. Bí ó bá gba Òrè kọjá, màá ta itan kan fún un." Yèyé fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi ní ìhà.

Mi ò ní tan ara mi, mo jowú. Èmi tí mò ń gbé oúnjẹ fún Yèyé, tí mò ń fi òrí ra wọ́n lẹ́sẹ̀, wọn kò gbààwẹ̀ ọjọ́ kan fún mi rí. Òyìnbó tí kò lè tọ́ka Òrè ló wá di ọmọ. "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kì í ráhùn," ni Yèyé á wí bí mo bá ní iyọ̀ ti wọ́n lọ́jà. "Wọ́n fọ́ ọ létí, kò fèsì," ni wọ́n á wí bí mo bá fèsì. Ìyàwó kejì, ìyẹn ti àbúrò ọkọ mi, ti rí ọ̀nà tirẹ̀, ó ní òun náà á máa bá Yèyé gbààwẹ̀. Yèyé gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n súre fún un, mo sì rí i pé ọ̀bẹ mi ń lọ. Àfi ìgbà tí mo yí sẹ́yìn ààrò lọ́sàn-án ọjọ́ kan láti ṣa igi, mo bá olóyè ààwẹ̀ wa níjòókòó pẹ̀lú ẹ̀pà sísè nínú ìṣẹ́po ìró, èèpo ti pọ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bí ti ọ̀bọ. Ojú rẹ̀ kò tilẹ̀ tì í. Ó ní, "Àǹtí, ẹ̀pà kì í ṣe oúnjẹ, ìpanu ni." Ẹ̀rín pa mí débi pé mo jókòó tì í, a jọ jẹ ẹ́ tán. Láti ọjọ́ náà ni èmi àti òun ti di ọ̀rẹ́.

Ọkọ mi wá gbọ́ níbì kan pé Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni eré ogun náà yóò parí. Ẹ wo ilé wa lọ́jọ́ náà! Yèyé wọ aṣọ funfun, wọ́n tan abẹ́là. Mo ti tẹ ẹ̀bà, mo fi abọ́ dé e, ọbẹ̀ ẹran ẹtu ń hó, kí a lè já ààwẹ̀ bí ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n bá ti ṣí. Bátìrì gẹdú ti wọlé. Wọ́n tan tẹlifíṣọ̀n. Àsíá ni a kọ́kọ́ rí, pẹ̀lú orin fèrè àwọn ọmọ ogun. Orin náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ṣọ́jà kan yọ, fìlà lórí, ìwé lọ́wọ́, ó ń kà á láìwo ojú ẹnikẹ́ni.

Yèyé na ọrùn síwájú. "Ṣé òun ló wá tú u sílẹ̀?"

Ọkọ mi fi ọwọ́ bojú. "Yèyé, ṣọ́jà tiwa nìyí. Ìjọba ni wọ́n gbà."

"Kí wọ́n gbà á," ni Yèyé wí. "Èmi ò bá wọn dù ú. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí ó yẹ̀ kúrò lójú ọmọ yẹn."

Kò yẹ̀. Fèrè ni a gbọ́ sùn. Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, ètò nípa bí a ṣe ń sin adìẹ ni wọ́n gbé sí àkókò eré náà, òmíràn sì tún jẹ́ ti adìẹ. Wọn kò ṣe eré ogun yẹn mọ́. Gbogbo ìlú ń sọ̀rọ̀ ìjọba tó lọ àti èyí tó dé, epo ọkọ̀ wọ́n, èrò kò rìn, ṣùgbọ́n ní ilé tiwa ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀: Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kò jáde, Yèyé kò sì jẹun. Àwọn àgbà ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ti Yèyé yàtọ̀, ọ̀rọ̀ ló wọ inú wọn tí oúnjẹ kò ráyè. Egungun ọrùn wọn yọ. Bí wọ́n bá dìde, wọ́n á di ògiri mú. Ọkọ mi bẹ̀ wọ́n, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wòlíì wá láti Odígbó, wọ́n ní Ọlọ́run ti gba ààwẹ̀ náà. Yèyé ní, "Ẹ ṣeun, Wòlíì. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kọ́ ni mo jẹ́jẹ̀ẹ́ fún." Ọ̀rọ̀ wá di ohun ẹ̀rù. Ẹ̀mí ìyá ọkọ mi ni mo kọ́kọ́ rò, lẹ́yìn náà ni mo rò nípa ọ̀bẹ àti àwọn ọdẹ Ajue. Àbí àwọn ọdẹ ló ṣáájú? Ó ti pẹ́.

Mo bá gba ojú títì lọ. Gbogbo ọkọ̀ tó bá ti Èkó bọ̀, kí n tó na ẹran, màá kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹnì kan wo eré ogun náà tán níbòmíràn. Wọ́n rò pé orí mi ti yí. Ọkùnrin kan ní òun kò wá wo ogun, òun ń wá epo. Òmíràn ní òun mọ̀ ọ́n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, ọ̀rọ̀ Arẹwà ló ń sọ. Ìgbà tó yá ni ìyá kan tó fi gíláàsì sójú sọ̀kalẹ̀ láti ra ẹran fún àwọn ọmọ rẹ̀. Mo bi í. Ó dúró, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní òun wò ó tán nígbà tí òun wà ní ìlú òyìnbó. "Wọ́n yìnbọn pa á," ni ó wí. "Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kan. Kò tẹ orí ba." Ọkọ̀ wọn gbéra lọ. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀yà lórí igi bí ẹni tó gbé òkú lọ́wọ́. Ẹ wo èmi tí mò ń jowú rẹ̀, omi ń dà lójú mi lẹ́bàá títì. Oníbúrẹ́dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bi mí pé ta ló kú, mo ní ọmọ ìyá ọkọ mi ni.

Mo rò ó láti títì dé ilé. Bí mo bá sọ bó ṣe rí, Yèyé yóò bá a lọ. Bí n kò bá sọ nǹkan kan, ààwẹ̀ yóò gbé wọn lọ. Nígbà tí mo wọlé, orí ẹní ni wọ́n wà lẹ́bàá fèrèsé, ìyàwó kejì ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí wọn. Mo kúnlẹ̀.

"Yèyé, mo rí ẹni tó wo eré yẹn tán. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti yọ."

Wọ́n la ojú. "Báwo ló ṣe yọ?"

Mo ti ṣí ẹnu, mi ò sì ní ọ̀nà kankan lọ́wọ́. Mi ò mọ ìlú òyìnbó, mi ò mọ bí ẹ̀wọ̀n wọn ṣe rí. Ohun tí mo mọ̀ ni ẹran. Mo ní, "Ilé ìdáná ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fi í sí. Ẹran wà níbẹ̀ tó ti bàjẹ́, wọ́n ní kó lọ dà á nù. Ó kó o sínú apẹ̀rẹ̀, ó fi ewé bò ó, ó gbé e rù. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ṣọ́jà ní kó sọ̀ ọ́. Ó sọ̀ ọ́. Ṣọ́jà ṣí i, òórùn náà gbá a nímú, ó bì sórí bàtà ara rẹ̀."

"Bàtà dídán yẹn?"

"Òun gan-an, Yèyé. Ó ní, gbé e lọ, gbé e lọ! Ó sì gba ọ̀nà igbó lọ."

Yèyé bi mí pé, "Ẹran kí ni?"

"Ọ̀yà."

"Ọ̀yà wà nílùú òyìnbó?"

"Ó wà, Yèyé. Funfun ni tiwọn."

Abẹ̀bẹ̀ dúró lọ́wọ́ ìyàwó kejì. Ó ń wò mí bí ẹni tó ń wo ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ ti já. Yèyé kọ ojú sí àjà. Nígbà tí wọ́n yíjú sí mi, wọ́n bi mí jẹ́jẹ́ pé:

"Ọmọ inú apẹ̀rẹ̀ ńkọ́?"

Ẹ̀yin èèyàn, mi ò tíì dárúkọ ọmọ kankan.

Mo ní, "Ó wà níbẹ̀, Yèyé. Kò wúkọ́ rárá. Ó ti dàgbà, ó ń wa gẹdú báyìí. Ìyàwó tó fẹ́ ló lẹ́nu jù."

Yèyé bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ikùn ló kọ́kọ́ ń mì wọ́n, kò ní ohùn, kó tó wá bú jáde, tí omi ń ṣàn lójú wọn, tí ìyàwó kejì ń fọwọ́ tẹ̀ wọ́n láyà kí èémí má baà tán. Wọ́n ní, "Ọlọ́run gbọ́ àdúrà. Lọ tẹ ẹ̀bà. Kí o bu ẹran sí i o, ẹran gidi, má fún mi ní ìrù." Mo sáré lọ sídìí ààrò. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni mò ń rín tàbí ẹkún, èéfín ni mo dá lẹ́bi.

Nígbà tí ara Yèyé le dáadáa, wọ́n ní kí n di obì sínú aṣọ, a sì gun ọ̀kadà méjì lọ sí Ajue. A bẹ̀rẹ̀ láti ilé olórí ọdẹ, bàbá arúgbó kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun bí òwú. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Ìyá ẹlẹ́ran, ṣé kì í ṣe èyí tí wọ́n ní ẹnu rẹ̀ mú?" Yèyé yọ ọ̀bẹ nínú ìró. Wọ́n ní, "Ó mú, Bàbá. Ó mú ju ọ̀bẹ yìí lọ. Ṣùgbọ́n kì í gé ọwọ́ ará ilé." Wọ́n sì fi í lé mi lọ́wọ́. Ìyàwó kejì kò bínú, gààrí ló ń tà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gba eré títì. Yèyé kò sọ fún mi rí pé irọ́ ni mo pa, èmi náà kò sọ fún wọn rí pé mo mọ̀ pé wọ́n mọ̀. Bí a bá jọ ń kun ẹran, tí ọ̀kan bá ń rùn díẹ̀, wọ́n á kàn wí pé, "Èyí lè yọ èèyàn lẹ́wọ̀n," a ó sì máa rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Yèyé ti lọ sinmi, ó ti pẹ́. Ọ̀bẹ náà ti di tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi nítorí pípọ́n, mo sì ń wo àwọn ìyàwó ọmọ mi báyìí, mò ń wò wọ́n lẹ́nu. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin sọ fún mi láìpẹ́ yìí pé bí mo bá lè ṣàpèjúwe eré náà fún òun, òun lè wá a lórí fóònù, kí n lè fojú ara mi rí ìparí rẹ̀. Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi sábẹ́ ìdí, mo jókòó lé e. Ìyá onígíláàsì yẹn lè má parọ́. Ògiri yẹn lè wà níbẹ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n ní Òrè, ọmọbìnrin náà gbé apẹ̀rẹ̀ rù, ó gba ọ̀nà igbó, ẹnì kan sì jẹun nítorí rẹ̀.

Ọmọ inú apẹ̀rẹ̀ ti darúgbó. Ó ti fi ọkọ̀ wíwà sílẹ̀, àga iwájú nínú pálọ̀ ti di tirẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, tí ikọ́ bá gbé e, á fẹ́ pa á mọ́ra kó má baà dí wa lọ́wọ́ ohun tí à ń wò. Màá na ọwọ́, màá fọwọ́ gbá a lẹ́yìn, màá ní, "Wú u, bàbá. Àwọn ṣọ́jà ti lọ."